Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹ̀rọ sínú ìwé àdéhùn

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ ní yunifásítì kan l'ókè òkun fẹ́ bá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yín dòwò pọ̀, wọ́n sì ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ wá. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ni yóò máa tún ẹ̀rọ tí wọ́n bá fún yín ṣe.

Tẹkinọ́lọ́jìsì ni mí, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ láàbù, mo sì ti rí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ dé, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí ẹ̀yà kan jó nínú rẹ̀, ó di kí á máa kọ lẹ́tà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò sí ti dísù jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́; àwa tí à ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ jókòó sílé, à ń ka ìwé ìlò rẹ̀.

Ẹ wo iLab, láàbù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, Jesús del Alamo ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan fótéèjì tó fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó wà ní láàbù á fi wọn transístọ̀ gidi (ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná nínú ẹ̀rọ), èsì á padà wá bá a níbi tó wà. Carnegie Corporation, àjọ afowóṣàánú kan ní Amẹ́ríkà, fi owó sí i, ó sì dé OAU n'Ífẹ̀, Makerere ní Uganda, àti yunifásítì Dar es Salaam ní Tanzania. Irú ìdánwò tí à ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká sì dúró de èsì, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára. Ẹni tó bá mọ íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì wa láyé ìgbà yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí Ifẹ̀ ti wù mí jù ni pé wọn ò fi mọ sórí láàbù MIT. Wọ́n kọ́ ti ara wọn fún op-amp (ẹ̀yà tó ń mú àmì iná lágbára sí i), lórí NI ELVIS, pátákó ìdánwò ẹlẹ́tíróníìkì kan. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ ló mọ ibi tí yóò tú tó bá kọṣẹ́. (Títẹ bọ́tìnì kò lè kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀ o; ẹ má tìtorí rẹ̀ ti láàbù yín pa.)

Nítorí náà, ẹ ní kí tẹkinọ́lọ́jìsì yín lọ sọ́dọ̀ wọn, kó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ gba kóòdù àti àwòrán sákíìtì ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí owó ẹ̀yà tí a ó fi pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́ àti owó iná wà nínú àdéhùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìparí sì máa fi apá kan ṣe project. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba síkọ́láṣíìpù lọ́wọ́ wọn, ẹ fi ẹ̀rọ wọn sílẹ̀.