Bí STAT kan bá bàjẹ́, kí ló dé tí àwọn yòókù kì í gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé purotéènì méje tó jẹ́ ọmọ ìyá, tí wọ́n ń pè ní STAT, ló ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí àrùn bá wọ ara. Kí ló wá dé tí ẹni tí ẹyọ kan péré bàjẹ́ lára rẹ̀ fi ń ṣàìsàn gidi?

ÌDÁHÙN: Wọ́n jọra lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́ yàtọ̀. Bí interferon, ìyẹn èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ta ara wọn lólobó pé àrùn ti dé, bá kan ojú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ́ńsáìmù JAK tó wà lábẹ́ ibẹ̀ á lẹ fọ́síféètì, èròjà kékeré tó ń jí i sí iṣẹ́, mọ́ STAT1, ní ojú amino acid rẹ̀ tó wà ní ipò 701 gan-an. Ìgbà náà ló tó lè so mọ́ ẹnìkejì, kí wọ́n jọ wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì lọ tan àwọn jíìnì tó ń gbógun ti àrùn. Tó bá jẹ́ interferon alpha ló ránṣẹ́, STAT2 ló ń bá a rìn. Tó bá jẹ́ gamma, STAT1 méjì ni. STAT6 ní tiẹ̀, iṣẹ́ IL-4, èròjà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń jẹ́, ọ̀rọ̀ aràn inú ló sì kàn án jù.

Àrùn fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí èyí tó bàjẹ́. Bí STAT1 kò bá ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá lè di àìsàn síni lára. Ti STAT3 máa ń yani lẹ́nu: éwo á sọ, ọyún á kún inú rẹ̀, síbẹ̀ kò ní gbóná, kò sì ní pọ́n bó ṣe yẹ, torí pé STAT3 ló ń jíṣẹ́ IL-6 tó ń mú ara gbóná.

Ẹ ṣọ́ra fún Candida, kòkòrò fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń mú ẹnu funfun, ní tirẹ̀. STAT3 tó kú lè fà á. STAT1 tó ń ṣiṣẹ́ láṣejù náà lè fà á, nítorí ó ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì Th17 tó ń gbógun ti Candida lọ́wọ́. Láti mọ̀yàtọ̀, wọ́n á da interferon sí ẹ̀jẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, wọ́n á wá wọ̀n fọ́síféètì ara STAT1. Bí wọ́n bá fi falẹ̀ kí wọ́n tó fi oògùn mú sẹ́ẹ̀lì dúró, fọ́síféètì á ti já kúrò, èsì á sì parọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó: nígbà mìíràn, ìwọ̀n àkọ́kọ́ ti STAT1 tó ń ṣàṣejù á dà bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le, àyàfi tí wọ́n bá tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni wọ́n á rí i pé fọ́síféètì náà kò lọ sílẹ̀.

Oògùn ruxolitinib lè bu omi tútù sí STAT1 tó ń ṣàṣejù, ṣùgbọ́n JAK1 àti JAK2 ló ń dì mú, kì í ṣe STAT1 nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.