Rédíéṣọ̀n ojú sánmà: ohun tí ojú mi rí ní ọdún 14 lórí bàálù

Àbúrò mi tó ń béèrè bóyá òótọ́ lohun tí màmá rẹ̀ wí, pé iṣẹ́ inú bàálù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní London á ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́: màmá rẹ ò parọ́, àmọ́ wọn ò mú un níbi tó yẹ kí wọ́n ti mú un.

Ọdún 14 ni mo fi gbé oúnjẹ fún èrò lójú sánmà láti Heathrow, ọ̀nà jíjìn sì ni mo sábà máa ń lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà onírin tí wọ́n ń gbà yẹ ara wa wò ní ẹ́pọ́ọ̀tù ni mò ń bẹ̀rù, torí rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tí ojú kì í rí tó lè ṣe ara ní jàǹbá. Mo máa ń yà fún un bí ẹni yà fún ejò. Irin yẹn ò ní ẹ́kísíréè kankan nínú! Òkè níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín bi èrò bóyá tíì ni wọ́n fẹ́ tàbí kọfí.

Láti òfuurufú jíjìn réré ni ìtànṣán ti òkè yìí ti ń bọ̀, tọ̀sán-tòru. Victor Hess, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló wọ bálúùnù lọ́dún 1912 tó sì rí i pé bí òun ṣe ń ga sókè sí i ló ń pọ̀ sí i. Nílẹ̀ níbí, afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Tí bàálù bá ti dé ẹsẹ̀ bàtà 35,000, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ yẹn ti wà lábẹ́ rẹ. Ara bàálù ò lè dá a dúró, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta aṣọ òjé fún ẹ.

Òòfà ayé náà ń lé lára rẹ̀ dànù, àmọ́ ààbò yẹn lágbára ní agbede-méjì ayé ju apá òkè àríwá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà Èkó fi rọ ara lọ́rùn ju ọ̀nà New York lọ. Àwa ọmọ Yorùbá tó máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi wá sí Èkó, torí ẹ̀gúsí àti kí a lè fojú kan bàbá wa, a ò mọ̀ pé à ń ṣe ara wa lóore. London sí New York, àlọ àti àbọ̀, tó bíi 0.08 mSv (millisievert, òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara). Ẹ́kísíréè àyà kan ò ju bíi 0.014 lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé àkọsílẹ̀ tèmi wà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè gba ju 1 mSv lọ́dún gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀, kó sì ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un. Wọn ò ní so nǹkan kan mọ́ ẹ láyà o, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ láti inú ọ̀nà tí o gbà, bí ẹ ṣe ga tó àti wákàtí tí ẹ lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà kí wọ́n tó fún mi ní tèmi. Ọdún tó kéré jù jẹ́ 1.9 mSv. Èyí tó ga jù jẹ́ 3.4, ọdún tí wọ́n ń fi mí sí Tokyo àti Los Angeles lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó dúró sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ń gba bíi 2.4 lọ́dún tí a bá pín in káàkiri ayé, 20 sì ni òdiwọ̀n fún òṣìṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyún ló wá yàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo mọ̀ pé mo lóyún àkọ́kọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, wọn kì í kéde oyún tí kò tíì hàn. Àmọ́ kí n má tàn ẹ́, owó ni. Owó oṣù wa kéré, alawansi ìrìn-àjò la fi ń san owó ilé, ẹni tí wọ́n bá sì gbé sílẹ̀ torí oyún ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mo fò títí di ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Oyún náà ṣẹ́.

Dókítà ní ọ̀pọ̀ oyún ló ń ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìnídìí tí a lè tọ́ka sí. Nígbà tó yá, mo gbé àkọsílẹ̀ mi, mo ro ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn pọ̀: bíi 0.3 mSv. Ìwádìí kan tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2015 sọ pé ó ṣeé ṣe kí 0.36 sókè láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mú kí oyún tètè ṣẹ́, pé fífò ní wákàtí tó yẹ kéèyàn máa sùn náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn nìkan ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò jìnnà sí i. Mélòó ni ti ìtànṣán, mélòó ni ti àìsùn, mélòó ni ti kádàrá? Mo ti pín in títí, kò pín.

Nígbà tí ìkejì dé, ọjọ́ tí ìlà méjì yọ ni mo kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ wa. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí láti ọjọ́ tí o bá ti fi tó wọn létí ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ọmọ inú: kò gbọdọ̀ gbà ju 1 mSv lọ títí tí o ó fi bí i. Wọ́n gbé mi sí ọ́fíìsì. Owó já wálẹ̀, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru kún tọ̀sán. Ọmọ yẹn ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ó ń jẹ ilé run.

Ní ti jẹjẹrẹ, ìwádìí Harvard lọ́dún 2018 lára àwa òṣìṣẹ́ inú bàálù tó lé ní 5,000 rí jẹjẹrẹ ọmú àti ti awọ ara ju bó ṣe wà lára àwọn ará ìlú lọ. Iṣẹ́ òru àti èéfín sìgá tí wọ́n ń fà nínú bàálù láyé àtijọ́ wà nínú ọ̀ràn náà, wọn ò dì í ru ìtànṣán nìkan. Èmi ṣáà ń lọ yẹ ọmú mi wò.

Gba iṣẹ́ náà. Àmọ́ kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bi wọ́n pé èló ni wọ́n máa ń san fún ẹni tó lóyún tí wọ́n gbé sílẹ̀. Èmi ò béèrè.