Ẹ Bi Bíríkìlà: Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Àfọwọ́rọ́

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé àdúgbò wa: bíríkìlà, káfíńtà, wẹ́dà, àwọn tó ń fa wáyà iná àtàwọn tó ń fa omi wọlé. À ń ṣètò ohun tí ẹgbẹ́ máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìpàdé gbogboogbò àti àsè wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò náà ti ní ká bá àwọn tún ògiri kíláàsì méjì tó sán ṣe. Àwọn kan nínú wa ní kí àwọn ọmọṣẹ́ lọ parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí ọ̀fẹ́ ni. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹgbẹ́. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀yin ni ilé ẹ̀kọ́ wá bá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ “ọjọ́ kan ṣoṣo” yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì, ẹ rán àgbà oníṣẹ́ méjì lọ wo ògiri náà. Bó bá jẹ́ ìlà tín-ínrín lójú ibi tí wọ́n rẹ́ lásán, ẹ ha á kúrò, kẹ́ ẹ tún un rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ igun fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, tó dagun wálẹ̀, tó ń tẹ̀lé oríkèé bùlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń rì lápá kan. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré síbi tó sán dé, ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá ti kọjá ìlà, rírẹ́ ò lè wò ó sàn. Ẹnjiníà ni kẹ́ ẹ pè. Títí ẹnjiníà á fi dé, kí ọmọ kankan má jókòó sídìí ògiri yẹn.

Tí iṣẹ́ náà bá la kọnkéré lọ, ọjọ́ kan ò tó rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbígbẹ ni kọnkéré ń gbẹ tó fi ń le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń para pọ̀ di ohun líle. Bí omi bá tètè gbẹ kúrò lára ẹ̀, líle yẹn ò ní dé ibi tó yẹ kó dé. Ìyẹn la ṣe ń da àpò tútù bò ó, tá à ń wọ́n omi sí i, ó kéré tán fún ọjọ́ 7. Ìgbà tó bá pé ọjọ́ 28 làwọn ẹnjiníà sábà máa ń wọn agbára ẹ̀. Torí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa lọ wọ́n omi láràárọ̀ sínú ìwé ètò yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò á pọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mò ń bẹ̀rù.

Ẹ mú àwọn ọmọṣẹ́ dání, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá kálukú dúró ti tiẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sínú kọnkéré tútù láàárọ̀, tí kò sọ nǹkan kan títí iṣẹ́ fi parí. Ìgbà tó bọ́ ṣòkòtò ni awọ orúnkún ẹ̀ bá a lọ. Bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń jẹ ara nìyẹn, kì í tètè dunni. Ìbọ̀wọ́, bàtà róbà, omi mímọ́ tí wọ́n á fi ṣan ara: bí owó ẹ̀ ò bá sí, ẹ yọ ọ́ nínú owó àsè.

Ọjọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kún ètò yín, ìyẹn ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin. Láti ọdún 2003 ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, ti ń fi ọjọ́ náà sọ̀rọ̀ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi kọ́ ara yín ní ọ̀rọ̀ àkàbà, torí ṣíṣubú látòkè wà lára ohun tó ń pa oníṣẹ́ ìkọ́lé jù. Bí orí àkàbà bá fara ti ògiri níbi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí ẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí ògiri.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé ní kí n kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Ṣé kò léwu báyìí?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, àmọ́ kì í ṣe sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù sókè. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ ṣètò ibì kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn ọgbà, kí bíríkìlà to bùlọ́ọ̀kù mélòó kan níṣojú wọn, kí káfíńtà fi bí wọ́n ṣe ń wọn pákó hàn wọ́n. Kí ẹgbẹ́ sì yan ẹnì kan tí kò ní ṣe iṣẹ́ míì lọ́jọ́ náà ju pé kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ.