Ṣé díìsì wa àtijọ́ lè gba àwòrán Meteosat tuntun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Yàrá ìwádìí ojú ọjọ́ ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ tí díìsì orí òrùlé wa ti ń gba àwòrán Meteosat, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, lórí EUMETCast, ètò tí wọ́n fi ń pín àwòrán náà. Wọ́n ní sátẹ́láìtì tuntun ti dé, ká tún ẹ̀rọ wa ṣe. Owó ọwọ́ wa ò tó nǹkan. Ṣé díìsì la ó kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan díìsì. Bí kò bá tíì dípẹtà, tó sì fẹ̀ tó bí EUMETSAT, àjọ tó ni Meteosat, ṣe ní kó fẹ̀ ní agbègbè wa, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe àṣekẹ́yìn. Kì í ṣáà ṣe Meteosat ló kọjú sí. Nǹkan bí 36,000 kìlómítà ni Meteosat wà lókè, ilẹ̀ Yúróòpù ló ń ju àwòrán sí. Wọ́n á tún un ṣe ní Darmstadt ní Jámánì, kí wọ́n tó fi sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn, irú èyí tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ta á sí yín.

Meteosat-12, ìyẹn sátẹ́láìtì tuntun náà, tí wọ́n gbé lọ sókè ní 13 Oṣù Kejìlá 2022, ní ibùdó méjì tó ń gba àwòrán rẹ̀: Leuk ní Switzerland àti Lario ní Ítálì. Òjò ńlá máa ń dí ìgbì tó ń lò lọ́wọ́. Bí òjò bá mú ọ̀kan, èkejì á máa gbà á. Aṣọ́jò tó ń sá fún òjò!

Ẹrù tó ń bọ̀ ni wàhálà yín. Ti àtijọ́ ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú 15-15, chánẹ́ẹ̀lì 12 (chánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ya oríṣi ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru kan). Ti tuntun, ìṣẹ́jú 10-10, chánẹ́ẹ̀lì 16. Nínú àwọn chánẹ́ẹ̀lì ìmọ́lẹ̀ (yàtọ̀ sí ẹyọ kan tó ti mọ́ kedere tẹ́lẹ̀), àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán (píksẹ́lì) 3,712 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àwòrán ti àtijọ́. Ó ti di 11,136. Ìlọ́po mẹ́sàn-án nìyẹn fún àwòrán kan. Ẹ wá rò ó pé mẹ́fà ló ń wọlé ní wákàtí kan báyìí, kì í ṣe mẹ́rin mọ́: ìlọ́po 13.5.

Nítorí náà, rìsífà tó gbọ́ DVB-S2 (ìlànà tí sátẹ́láìtì fi ń ta dátà) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà tó ní SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára) àti mẹ́mórì tó pọ̀. Fáìlì tuntun jẹ́ netCDF, irú fáìlì kan fún dátà sáyẹ́ǹsì, sọ́fítíwíà àtijọ́ lè má kà á. Sọ́fítíwíà Satpy ń kà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má gba gbogbo chánẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi fáìlì ẹ̀rọ tó ń rí mànàmáná lórí Meteosat-12 bẹ̀rẹ̀: ó kéré, ìjì Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún níhìn-ín sì ń fẹ́ ẹ gidi. Àwọn Meteosat tó ṣáájú kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Owó ínfátà náà ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Fáìlì tó bá kọjá nígbà tí iná lọ, EUMETCast kò ní dúró dè yín.

Ẹ má sì tíì pa ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ máa fi àwòrán ti àárọ̀ wé ara wọn.