Ọmọ Àgùntàn Tí Kò Dàgbà: Kí Ni Ká Fi Sínú Omi Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Ọmọ àgùntàn mẹ́fà ni mo ní lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́. Wọ́n ti lé ní oṣù méjì, síbẹ̀ wọ́n kéré. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti koríko ni àwọn àti ìyá wọn ń jẹ. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ lọ́jà ní kí n máa bu fítámì adìyẹ sínú omi wọn. Aládùúgbò mi sì ní kí n po ajílẹ̀ yúríà díẹ̀ mọ́ ọn. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe ìkankan, kí ẹ sì bá wa kìlọ̀ fún aládùúgbò yín. Yúríà máa ń di amóníà nínú ikùn ẹran. Àgùntàn àgbà tí a fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ lè lò ó nínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù méjì, tí àpò inú rẹ̀ tí àwa ń sè ní ṣàkì kò tíì gbó, kò ní agbára rẹ̀. Bí ó bá sì wà nínú omi, ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ yóò mu ún ní àmupara, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti fítámì adìyẹ, èròjà bàbà tó wà nínú òmíràn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìwọ̀n tí kò ṣe adìyẹ ní nǹkan lè pa àgùntàn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a máa kó bàbà náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí àmì kankan, títí di ọjọ́ tí ìtọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n bí omi osùn, tí ibà pọ́njú yóò sì dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe da àjẹkù oúnjẹ adìyẹ fún wọn.

Omi lásán tó mọ́ ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì gbé e sínú ọpọ́n tí kò ga, nítorí ẹran tí kò mu omi tó kì í jẹun tó.

Oúnjẹ gan-an ni ìdàgbà wà. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń fúnni lókun, ṣùgbọ́n èròjà amúnidàgbà inú rẹ̀ kéré, májèlé rẹ̀ sì ń dín kù bí a bá sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Nínú kílò 100, ẹ lè po kílò 35 èèpo gbígbẹ, 35 èérí àgbàdo, 13 ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀, 15 PKC (ẹ̀kùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀), 1 iyọ̀ àti 1 egungun lílọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí PKC pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ nítòsí yín, nítorí òun náà ní bàbà. Ẹ fi igi ṣe ẹnu ọ̀nà tóóró tí ọmọ nìkan lè gbà, kí ìyá má baà jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ewé àgúnmánìyẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń gbìn fún ibòji, dára fún ìyá àti ọmọ bí a bá jẹ́ kí ó rọ díẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ pípò yìí jẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ ni kí ẹ bu tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ ṣí ìpéǹpéjú wọn ti ìsàlẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kí ó pupa, ó ṣeé ṣe kí aràn máa mu ẹ̀jẹ̀ wọn, oúnjẹ nìkan kò sì ní tó. Ẹ pe dókítà ẹran kí ó bá yín wọn oògùn aràn, nítorí ìwúwo ẹran la fi ń wọn ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ orí.