Pánẹ́ẹ̀lì Mélòó Ló Tó Láti Rọ́pò Ẹ̀rọ Amúnáwá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti sú mi láti máa da epo bẹntiróòlù sínú ẹ̀rọ amúnáwá lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ bọ́ sórí iná oòrùn. Ẹnì kan ní kí n ra pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ẹlòmíràn ní mẹ́jọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí kò sí èyí tó bi yín ní iye iná tí ẹ ń lò lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ máa lọ láti yàrá dé yàrá. Lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àlẹ̀mọ́ kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí lẹ́tà W tẹ̀ lé e, wáàtì nìyẹn. Ẹ fi iye wákàtí tí ẹ fi ń lò ó lóòjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀; ohun tí ẹ ó rí ni wáàtì-wákàtí, ìyẹn iye iná tí ohun èlò náà ń jẹ lóòjọ́. Gílóòbù LED 6, oníwáàtì 9, fún wákàtí 5, jẹ́ wáàtì-wákàtí 270. Fáànù 2, oníwáàtì 60, fún wákàtí 8, jẹ́ 960. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80, fún wákàtí 4, jẹ́ 320. Ti fíríìjì yàtọ̀, nítorí ó máa ń sinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mítà tó ń ka iná ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n fún odidi ọjọ́ kan. Ká ní ó jẹ 1,000, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ di 2,550. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un fún èyí tó ń ṣòfò nínú ìnfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ohun èlò ilé ń lò), wáyà àti bátìrì, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,200. Bí oòrùn tí ẹ ń rí lóòjọ́, nínú oṣù tí kùrukùru pọ̀ jù, bá tó wákàtí 4 tó mú gidi, 3,200 tí a pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ wáàtì 800: pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 400 méjì péré.

Ẹ ṣọ́ra fún ohunkóhun tó ń mú nǹkan gbóná. Kẹ́túlù kan tó ń fa wáàtì 2,000 ju gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bátìrì ló máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Bátìrì olójé kì í pẹ́ láyé bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì nígbà gbogbo, àmọ́ ti lítíọ́mù lè fún yín ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún láìsí wàhálà. Bí ẹ bá nílò wáàtì-wákàtí 1,600 lálẹ́, ti olójé gbọ́dọ̀ jẹ́ 3,200, ti lítíọ́mù kò ju 2,000 lọ.

Ẹ wo òrùlé yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè dín agbára gbogbo pánẹ́ẹ̀lì tí a so pọ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà lábẹ́ wọn kí atẹ́gùn lè fẹ́ síbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ṣe ń gbóná tó ni iná wọn ń dín kù tó.

Ẹ má tíì ta ẹ̀rọ amúnáwá yín. Ẹ fi pamọ́ fún oṣù díẹ̀, kí ẹ sì máa kọ lítà epo tí ẹ ṣì ń dà sí i sílẹ̀. Lítà bẹntiróòlù kan kò wúwo tó kílò kan, ṣùgbọ́n bó bá jó, tó sì dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi kílò 2.3 gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2) ló ń tú jáde. Gbogbo lítà tí ẹ bá yọ kúrò nínú ìwé yín ni ẹ yọ ìyẹn kúrò lójú ọ̀run.