Kúlà kì í ṣe ààrò, kì í sì í ṣe fíríìjì

Ìbéèrè: Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin alásè wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ ṣe fàájì kékeré nílé ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, ó sì ní kí n wá. Ṣàgámù ni mo ń gbé, mi ò sì fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti rò ó pé kí n se jọ̀lọ́ọ̀fù kúlà kan lóru ọjọ́ tó ṣáájú, kí n jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó dé e pa kó má baà kan, kí n wá gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Èèyàn bí ogún ló máa wà níbẹ̀. Kóńgò ìrẹsì mélòó ló máa tó? Ṣé kí n fi ìkọ́kọrẹ́ kún un?

Ìdáhùn: Ẹ má se ìrẹsì kankan, ó kéré tán ẹ má tíì sè é.

Ta ló ní kẹ́ ẹ se oúnjẹ wá? Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹni tó ń náwó ló ń dáná. Àlejò tó bá gbé kúlà oúnjẹ wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀ ti sọ fún gbogbo ilé pé òun ò fọkàn tán ìkòkò onílé. Ó lè máa rẹ́rìn-ín sí yín o, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ò dùn. Ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba. Ẹran àgbò ò tíì tán nílé ẹnikẹ́ni, fíríìjì ti kún dé ẹnu, kò sí àyè lórí ààrò. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé tiyín sí? Ẹ pè é lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni kò tíì sí nílẹ̀?" Ohun tó bá dárúkọ ni kẹ́ ẹ mú lọ.

Ọ̀rọ̀ "lọ́ wọ́ọ́rọ́" yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ kọ ìwé gígùn. Gbogbo ìgbà ọdún ni mo ń gbọ́ ọ: tí a bá dé oúnjẹ ní gbígbóná, á kan, nítorí náà kí a jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀ ná. Irọ́ ni. Ooru kọ́ ló ń mú oúnjẹ kan. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní bakitéríà, ló ń bà á jẹ́, àwọn yẹn ò sì fẹ́ràn ooru. Tí oúnjẹ bá gbóná ju 60°C lọ, wọn ò lè bí síi. Tó bá tutù tí kò tó 5°C, ńṣe ni wọ́n máa ń lọ́ra bí ẹni tó ń tòògbé. Àárín méjèèjì ni ọjà wọn, ibi tó sì tù wọ́n lára jù níbẹ̀ ni ìlọ́wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fi ọwọ́ kàn tẹ́ ẹ ní ó ti dáa yẹn. Kúlà kì í ṣe adájọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá fún un ló máa tọ́jú. Ẹ fún un ní gbígbóná, á pa á mọ́ ní gbígbóná. Ẹ fún un ní wọ́ọ́rọ́, á pa á mọ́ ní wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ti bá àwọn kòkòrò tẹ́ ẹní, ẹ tún bò wọ́n láṣọ.

Mo mọ ibi tí àwọn ìyá wa ti rí ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá dé ìrẹsì gbígbóná, oru á gòkè lọ lẹ̀ mọ́ inú ọmọrí, á di omi, á máa kán sórí ìrẹsì, òkè ẹ̀ á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Wọ́n rí omi yẹn, wọ́n ní ooru ló bà á jẹ́. Aṣọ funfun mímọ́ kan tẹ́ ẹ bá tẹ́ sábẹ́ ọmọrí ló máa fa omi náà mu. Kò di dandan kẹ́ ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ kó tutù lọ.

Ti ìrẹsì wá burú ju ti ọ̀pọ̀ oúnjẹ lọ. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Ó máa ń fi ara ẹ̀ pamọ́ bí hóró irúgbìn, sísè kì í pa hóró náà. Tí ìrẹsì bá jókòó ní wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí díẹ̀, hóró á yọ, á sì máa tu oró sínú ẹ̀. Oró yẹn kì í rùn, kì í kan, ẹnu ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà. Ẹ ò sì lè ní "a ó tún un gbé kaná," torí 121°C pàápàá kì í bá a fà á, oúnjẹ inú ìkòkò lásán kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó máa wá ẹni tó fi nǹkan sí oúnjẹ níbi ìnáwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n sè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ láìsí ooru tàbí òtútù tó yẹ. (Alásè ni mí, mi ò kì í ṣe dókítà. Ẹni tó bá ń bì tí kò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu.)

Tí ọ̀rẹ́ yín bá wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ìrẹsì lòun fẹ́, kóńgò méjì á tó ogún èèyàn, á tún ṣẹ́kù, torí oúnjẹ míì á wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ sè é. Ẹ da omi híhó sínú kúlà, ẹ dé e fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ dà á nù. Látorí iná tààrà ni kí ìrẹsì ti bọ́ sínú ẹ̀, kó kún dé etí, torí kúlà tó kún ìdajì tètè máa ń tutù. Tó bá ṣẹ́ àyè, ẹ fi táwẹ̀ẹ̀lì mímọ́ dí i lórí aṣọ funfun yẹn, kẹ́ ẹ tó tẹ ọmọrí mọ́ ọn. Ẹ má ṣí i lọ́nà láti tọ́ ọ wò. Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde kò tó wákàtí kan lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu) àti ẹlẹ́ṣin kún ìgboro, ẹ ka wákàtí mẹ́ta. Kúlà tí ìdè ọmọrí ẹ̀ ti já, mi ò bá yín ṣèlérí kankan lórí ẹ̀.

Ìkọ́kọrẹ́ kì í rìnrìn àjò. Bí ewùrà ṣe ń tutù ló ń dì. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ gbé e kaná lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ á jóná, ẹ ó máa rò ó, gbogbo kókó tó mú kó jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ á fọ́ túútúú. Ẹni tó ń fi ẹ̀bà gbígbóná jẹ ẹ́ ní tútù lọ́jọ́ kejì mọ ohun tó ń ṣe, ilé ara ẹ̀ ló ti ń ṣe é.

Tí ọ̀rẹ́ yín bá ní kò sí nǹkan tóun fẹ́, ẹ gbé yìnyín lọ. Mi ò ṣàwàdà. Kò sí fàájì tí yìnyín kì í tán níbẹ̀, iná ìjọba ò sì mọ̀ pé ọdún ni. Fún ogún èèyàn, kílò mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ rà á nígbà tẹ́ ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ìgò ni kẹ́ ẹ fi mú tutù o. Yìnyín tẹ́ ẹ ò mọ irú omi tí wọ́n fi ṣe é kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ife. Omi inú ọ̀rá àpò méjì náà dáa, àti tíṣù. Fún onílé fúnra ẹ̀, gààrí Ìjẹ̀bú kóńgò márùn-ún nínú ike tó ní ìdérí: èyí tó kan dáadáa, tó gbẹ tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dì í mọ́wọ́ tẹ́ ẹ sì ṣí ọwọ́, á tú ká, kò ní dì. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ fíríìjì, kò ní kó fọ abọ́ kankan.

Ẹmu ńkọ́? Ẹ béèrè ná bóyá wọ́n ń mu ọtí nílé náà, pàápàá lásìkò Iléyá. Tí wọ́n bá ń mu, ẹ má fún ìdérí kẹ́ẹ̀gì pinpin. Ẹmu ò yéé hó, kẹ́ẹ̀gì á wú nínú búùtù, òórùn ẹ̀ ò sì ní kúrò nínú ọkọ̀ bọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un lówó, inú àpòòwé ni. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá ń ná náírà mọ́ èèyàn lórí ijó lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, jura, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ẹ bi lọ́yà yín tó bá kù síbì kan. Tẹ́ ẹ bá sì ti ra aṣọ ẹbí, ẹ ti ṣe púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín.

Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń fi di ẹran lọ sílé kò sí lára ohun tí àlejò ń mú lọ. Tó bá sì di pé ẹ gbé kúlà lọ lóòótọ́, ẹ fi máákà kọ orúkọ yín sídìí ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ọmọrí náà. Ọmọrí ló máa ń bá kúlà ẹlòmíì lọ sílé.